Ẹni Tó Wọ Aṣọ Bí Òkú

"Òkú ni mo kọ́kọ́ pè é," ni Ekan wí. "Mo ní òkú ti jí, ó ń lọ mu tíì."

Ekan ni mọ́ǹkì, ọkùnrin ẹlẹ́sìn Búdà, tó ń dáná ní tẹ́ḿpìlì Renkaku. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà, ó ń fọ ìrẹsì lẹ́bàá fèrèsé ilé ìdáná, níbi téèyàn ti lè rí ọgbà Ilé Ìtura Shirotsuyu lókè ògiri tó pààlà wọn. Ó rí ẹnì kan tó wọ aṣọ aláró tí wọ́n ń ká mọ́ra níwájú, èyí tí hòtẹ́ẹ̀lì ń fún àlejò, tó fi táwẹ́lì borí, tó ń yọ́ rìn lọ sí ahéré tíì ní ìsàlẹ̀ ọgbà. Ẹni náà bẹ̀rẹ̀, ó rákò gba ẹnu ọ̀nà kékeré iwájú wọlé.

"Kí ló wá jẹ́ kẹ́ ẹ pè é lókùú?" ni mo bi í.

"Tadokoro, ṣé wọn ò bí ọ níbí ni? Etí aṣọ ọ̀tún ló gbé lé ti òsì."

Ọ̀rọ̀ tán. Láti ìgbà tí a ti ń kọ́ ìrìn ni àwọn ìyá wa ti ń gbá wa lọ́wọ́ nítorí rẹ̀: etí aṣọ òsì ló ń wà lókè. Òkú nìkan là ń wọ̀ ọ́ fún lódìkejì, kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sínú pósí. Òkú tí Ekan sì ti bá wọn sin pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní irun kankan lórí.

Kitabatake, tó ni hòtẹ́ẹ̀lì náà, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fọwọ́ pa ọwọ́. "Ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọṣọ nínú àlejò mi?" ni ó wí. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni dá a lóhùn. Ó gbójú sókè wo yàrá kárùn-ún, èmi náà sì gbójú sókè.

Abọ́ tíì kan ló sọnù, abọ́ dúdú tí wọ́n ń pè ní Asagiri, ohun ìní tẹ́ḿpìlì láti irínwó ọdún. Lọ́dọọdún, tí ewé bá ti ń pọ́n, tẹ́ḿpìlì á yá hòtẹ́ẹ̀lì ní abọ́ náà fún ọjọ́ mẹ́ta, kí àlejò lè fi mu tíì. Ní aago méje ààbọ̀, Màmá Fumino, tó ń kọ́ èèyàn ní àṣà tíì pípò níbẹ̀, ṣí àpótí rẹ̀, ó bá a lófìfo, ó sì figbe ta. Nígbà tó di aago mẹ́jọ, wọ́n ti tẹ̀ mí láago. Èmi nìkan ni ọlọ́pàá ìlú wa. Abẹ́ òrùlé kan náà ni ọ́fíìsì mi àti yàrá mi wà, ìyàwó mi ló sì sábà máa ń gbé fóònù ìjọba.

Mi ò fi nǹkan falẹ̀. Ẹni tó wà ní yàrá kárùn-ún ni Marivic Dumalagan, ọmọ ilẹ̀ Filipíìnì, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tó wá láti Osaka láti sinmi ọjọ́ méjì. Òun nìkan ni àjèjì nínú àlejò mẹ́ta tó wà nílé. Nígbà tí àwọn yòókù lọ jókòó ṣe àṣàrò ní tẹ́ḿpìlì láti aago mẹ́fà sí méje, kò bá wọn lọ. Ó ní òun ń sùn. Kò sẹ́ni tó rí i níbi tó ti ń sùn.

Mo gba káàdì ìgbélùú rẹ̀, mo fi sápò. Mo tú báàgì rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. N ò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju aṣọ, oògùn ẹ̀yìn dídùn àti ìwé kékeré tó fi ń kọ́ èdè wa. Mo bi í pé níbo ló gbé e pamọ́ sí.

"Mi ò gbé nǹkan kan, sà."

"Wọ́n rí ọ."

"Wọ́n rí aṣọ, sà. Gbogbo wa la ní i."

Mo rí ìyẹn bí àfojúdi. Mo tẹ ibi iṣẹ́ rẹ̀ láago, ilé ìtọ́jú arúgbó kan ni. Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Sakuma, kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló kù kí ìwé ìgbélùú ọmọ náà tó parí, àwọn ló sì yẹ kó fọwọ́ sí òmíràn fún un. Ṣùgbọ́n tí ó bá ti di ọ̀ràn olè, òun á kọ̀wé sí ìjọba pé àwọn ò ṣe mọ́, kí wọ́n dá a padà sílẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun á dúró de mi di aago méjìlá ọ̀sán. Marivic wà níwájú mi, ó ń gbọ́ ohùn ọkùnrin náà nínú fóònù. Kò sunkún. Ó kàn jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí.

*

"Tadokoro, o yára o."

Obìnrin tó sọ̀rọ̀ náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń jẹ gbòǹgbò rádíìṣì oníyọ̀ nínú àwo tó gbé sórí itan. Ukai Shizue ni, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ àgbà láti olú ilé iṣẹ́ wa. Dókítà ló ní kó wá sinmi ọjọ́ márùn-ún nítorí ìbàdí rẹ̀. Ó ti lo ọjọ́ méjì, ó sì ti bá alásè jà lẹ́ẹ̀mẹta pé oúnjẹ tẹ́ḿpìlì tí kò lẹ́ran tí kò lẹ́ja kì í ṣe oúnjẹ aláìsàn.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ náà ti yanjú," ni mo wí. "Ibi tó gbé e sí ló kù."

"Ṣé o ti dé ahéré?"

"Mo yọjú síbẹ̀."

"O yọjú. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé, o ti fẹ́ gé èyí tó sún mọ́ ọ. Gbé mi dìde."

A sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọgbà. Ahéré tíì yẹn kò tóbi ju yàrá kan lọ. Ẹnu ọ̀nà àlejò rẹ̀ wà níwájú, ó dojú kọ ilé ìdáná tẹ́ḿpìlì. Kò ga ju itan àgbàlagbà lọ, kí olówó àti tálákà lè tẹríba wọlé bákan náà. Ẹnu ọ̀nà èèyàn gidi wà lẹ́yìn, níbi tí ẹni tó ń po tíì ń gbà. Sílípáàsì ọgbà kan tí wọ́n fi koríko hun ṣì wà níwájú. Wọ́n so àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, wọ́n gbé e dúró, wọ́n sì fi ti ògiri lábẹ́ ẹnu ọ̀nà kékeré náà.

"Ẹ wo nǹkan, Ọ̀gá," ni mo wí. "Ó sá bàtà sóòrùn bí ẹja. Ọmọ ilé ire wo ló ń ṣe báyìí?"

Ukai lọ́ra bẹ̀rẹ̀, ó ń kérora. Ó wo sílípáàsì náà títí.

"Kí ni bàbá ẹ ń ṣe, Tadokoro?"

"Àgbẹ̀ ni. Ìrẹsì àti àlùbọ́sà."

"Ó hàn. Wọn ò pè ọ́ mu tíì nínú ahéré rí láyé ẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ilé, ẹ̀ ń yí orí rẹ̀ síta, ó tán. Àwọn tó kọ́ tíì ò ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Tí wọ́n bá ti rákò wọlé tán, wọ́n á yíjú padà, wọ́n á so bàtà wọn pọ̀, wọ́n á gbé e ti ògiri báyìí, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè ráyè. Ọdún mélòó ni kí ọwọ́ èèyàn tó lè ṣe é láìrò ó?"

Mo tún wo sílípáàsì náà.

"Ekan sọ fún wa pé ẹni náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọṣọ, ohun tí ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀. Bàtà yìí sọ fún wa pé ó mọ tíì dénú egungun. Ta ló kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní tíì tí kò kọ́ ọ láṣọ wíwọ̀?"

"Ó lè jẹ́ pé èèyàn méjì ni."

"Àbí ẹnì kan tó mọ méjèèjì, tó wá ṣe bí ẹni tí kò mọ̀kan. Ó rántí aṣọ. Kò rántí ọwọ́."

*

Ẹni méjì ló mọ tíì ní Shirotsuyu ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Èkíní ni Màmá Fumino, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó ti ń kọ́ni ní tíì fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ìyàwó mi, tó ń kọ́ tíì lọ́dọ̀ rẹ̀, ò tilẹ̀ jẹ́ dá orúkọ rẹ̀ láì fi Màmá sí i. Mo yọ ọ́ kúrò kíá. Èkejì ni Ọ̀gbẹ́ni Iwabuchi ti yàrá kejì, tó ń kó abọ́ àtijọ́ jọ. Ní alẹ́ àná, nígbà tí wọ́n fi Asagiri han àwọn àlejò àti èmi ọlọ́pàá, ó wò ó lọ́nà tí ọkọ rere kì í gbà wo ìyàwó ẹlòmíì.

"Ó tún kúrò níbi àṣàrò," ni Ukai wí. "Mo la ojú kan, mo rí i. Aago mẹ́fà ààbọ̀ kò tíì lù nígbà tó yọ́ jáde. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó wọlé."

Ayọ̀ mi pọ̀. Olówó ni, n ò sì fẹ́ràn rẹ̀.

A bá a nínú yàrá rẹ̀, ó jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún.

"Níbo lẹ lọ nígbà tí àwọn yòókù ń ṣàṣàrò?" ni mo bi í.

"Mo lọ tọ̀."

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?"

"Dúró kí ìwọ náà pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, kó o wá bi mí."

Ukai fa imú lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó gbóòórùn nǹkan. "Ọ̀gbẹ́ni Iwabuchi, ẹ dákun, kí ló wà nínú àpò ẹ̀wù yín yẹn?"

Ojú ọkùnrin náà pọ́n. Ó ki ọwọ́ bàpò, ó sì mú ìdì kan jáde. Ẹja ọlọ́wọ́ mẹ́wàá gbígbẹ ni, ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Ó ní inú mọ́tò òun lòun lọ jókòó sí jẹ ẹ́, nítorí pé ọjọ́ méjì tòfú, ẹ̀wà sóyà dídì, ti sú òun, òun ò sì fẹ́ kí mọ́ǹkì gbóòórùn rẹ̀.

"Àti orúnkún yín?" ni Ukai bi í.

Ó fa ṣòkòtò sókè. Irin ni wọ́n fi de orúnkún náà látòkè délẹ̀. "Oṣù kẹta rèé tí mi ò tíì lè ká a kò. Orí àga ni mo jókòó sí ṣe àṣàrò, ìwọ náà rí mi."

"Mo rí yín. Mo kàn fẹ́ kí Tadokoro náà rí i." Ó na ọwọ́. "Ẹ fún mi níbẹ̀."

"Ẹja mi?"

"Ẹ̀rí ni," ni Ukai wí, ó sì ju ẹyọ kan sẹ́nu.

A jáde. Ọkùnrin tí kò lè ká orúnkún kò lè rákò gba ihò tó ga tó itan. Mo mọ ẹni tó kù, mo sì mọ̀ pé Ukai mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ láti dá a lórúkọ. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ọ̀gá, ó tún lè jẹ́ ọmọ yẹn," ni mo wí. "Bóyá ó rí bí wọ́n ṣe ń to bàtà, ó fara wé e."

"Ó dáa. Ká lọ bi í."

*

Marivic ṣì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, báàgì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tíì kó àwọn ẹrù tí mo dà sílẹ̀ padà.

"Ọmọ mi," ni Ukai wí, "ṣé o lè bá mi wọ ọ̀kan nínú aṣọ àlejò yìí fún ọlọ́pàá yìí?"

Ó wò wá bóyá a ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti bọ́ kóòtù mi, ó ti ti apá mi méjèèjì bọnú aṣọ láì fà mí, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbé mi lẹ́yìn bí ẹni pé mo lè ṣubú. Ó gbé etí ọ̀tún wọlé, ó gbé òsì lé e, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ lórí àyà mi, ó sì di ìgbànú láàárín àkókò tí mo fi mí lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá mi kò wọṣọ fún mi dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ta ló kọ́ ọ?" ni Ukai bi í.

"Iṣẹ́ mi ni, mà. Èèyàn mẹ́rìnlá ni mò ń wọṣọ fún láràárọ̀."

"O ò ṣì í rí? Kó o gbé ọ̀tún lé òsì?"

"Mi ò ṣì í rí, mà. Èmi náà ni mò ń wọ̀ ọ́ fún wọn tí wọ́n bá kú." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mọ́kànlá ni mo ti wọ tìyẹn fún láti ìgbà tí mo dé. Nígbà míì àwọn ọmọ wọn kì í tètè dé. Ẹ̀yin rò pé mo máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ sára mi láàyè?"

Mi ò rí ibi kan fi ojú sí. Mo ti tẹ ilé arúgbó yẹn láago. Mo ti gbọ́ orúkọ iṣẹ́ ọmọ náà létí ara mi, mi ò sì bi ara mi pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni mo kà lórí káàdì, ó tó mi.

"Fún un ní nǹkan ẹ̀," ni Ukai wí. Mo wá káàdì náà jáde, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì fún un.

*

Màmá Fumino wà nínú ahéré, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ẹ̀yìn rẹ̀ gún. Abọ́ lásán ló wà níwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ po tíì kan fún mi," ni Ukai wí. "Ara ń ro mí."

"Kò burú, ọmọ mi."

Ó fọ abọ́, ó nù ún, ó bu ìyẹ̀fun tíì. Omi ń hó kùtùkùtù. Ìkòkò omi tútù wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ó dé ìdérí rẹ̀; inú rẹ̀ ló yẹ kó ti bu díẹ̀ sínú omi gbígbóná kí tíì má baà korò. Èmi náà tí mo jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ mọ ìyẹn, torí ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n Màmá Fumino dìde, ó gba ẹ̀yìn jáde, ó sì gbé omi tútù wọlé nínú kẹ́tùrù ilé ìdáná.

"Màmá," ni Ukai wí wọ́ọ́rọ́wọ́, "ìkòkò yìí ńkọ́?"

"Kò sómi nínú rẹ̀ lónìí."

"Kí ló wà ńbẹ̀?"

Ukai na ọwọ́, ó ṣí ìdérí. Aṣọ ṣẹ́dà aláwọ̀ osùn kan wà nínú ìkòkò gbígbẹ náà, wọ́n di nǹkan sí i. Ó tú u sórí ẹní. Asagiri ni, ó ti là sí mẹ́ta.

"Aago márùn-ún ààbọ̀," ni Màmá Fumino wí níkẹyìn. "Mo fẹ́ mu tèmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí àlejò tó dé. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ń gbé e fún ẹlòmíì. Òtútù mú lóru, abọ́ tutù bíi yìnyín. Mi ò kọ́kọ́ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án. Omi híhó ni mo dà sí i, ó sì là. Ohun tí mo máa ń kọ́ wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn, ohun tí mo máa ń lu ọmọ lọ́wọ́ sí."

"Ẹ sì mọ ìgbà tí Ekan máa ń fọ ìrẹsì."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo gbé ọ̀tún lé òsì kó lè rí i, mo sì gba ẹ̀yìn jáde." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Kí ló sọ fún yín?"

"Bàtà. Ẹ gbé e ti ògiri."

Ó pa ojú dé. Mo rò pé ìyẹn dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ, pé ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ló mú un.

Marivic ti tẹ̀lé wa, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Èmi ló yẹ kí n sọ̀rọ̀, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. "Màmá, kí lọmọ yìí fi ṣe yín?"

"Kò fi nǹkan ṣe mí. Kò sí ìdílé rẹ̀ níbí tí ojú máa tì. Mo rò pé wọ́n á kàn dá a padà sílé ni." Ó yíjú sí i, ó fi orí kan ẹní. "Mo rò pé o ní ilé tó o lè padà sí. Dárí jì mí."

Lọ́dọ̀ wa, tí àgbà bá forí kanlẹ̀ fún ọmọdé, ọmọdé á sáré gbé e dìde, á ní kò tó nǹkan. Gbogbo wa ń retí rẹ̀. Marivic kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Mo ti gbọ́ yín, mà," ni ó wí. Kò fi nǹkan kan kún un. Ara mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà mo rí i pé kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan ni?

*

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo tẹ Ọ̀gbẹ́ni Sakuma láago, ní iwájú tábìlì Kitabatake. Ukai jókòó tì mí, ó ń jẹ ẹ̀rí tó gbà lọ́wọ́ Iwabuchi. Marivic dúró.

"Mo ti fẹ́ẹ̀ kọ lẹ́tà náà tán," ni ọkùnrin náà wí. "Ṣé ó ti jẹ́wọ́?"

"Kò ní nǹkan tó máa jẹ́wọ́. Mo ṣì í mú. Abọ́ náà fọ́ ni, ẹni tó fọ́ ọ ló gbé e pamọ́."

"Ẹn-ẹ́n. Àjèjì wo wá ni?"

"Kì í ṣe àjèjì, ọ̀gbẹ́ni. Ará ìlú wa ni. Àgbà pàtàkì ni láàárín wa. Èmi tí mo parọ́ mọ́ òṣìṣẹ́ yín náà, ará ìlú wa ni mí."

Marivic na ọwọ́. Mo ní, "Ẹ gbà," mo sì gbé fóònù fún un.

"Ọ̀gá, Marivic ni o. Ẹ ò jẹ́ bá mi rọ Màmá Oguri, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rìnlá mi, kó jẹun, mo mọ̀ pé kò tíì jẹ. Èmi ni mo ní iṣẹ́ àárọ̀ Ọjọ́ Ajé." Ó dúró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú kan, ó sì sọ ìyókù ketekete, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. "Lẹ́tà tí ẹ ti fẹ́ẹ̀ kọ tán yẹn, ẹ má ya á. Ẹ yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo mọ iṣẹ́ mi, kí ẹ sì fọwọ́ sí i. Mo máa wá gbà á."